Ibi Tí Gáàsì Ń Gbà Lọ

Ọkọ mi kì í rí oorun sùn nínú ooru. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò fún yín dúró lé. Ọmọ Èkìtì ni, láti ìlú kékeré kan tí òkè yí ká, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà fi ń yáná kí wọ́n tó lè la ẹnu kí ènìyàn káàárọ̀. Èmi, Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ooru kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Owó tó bá ń jáde lápò mi láìnídìí ló máa ń mú mi làágùn. Bí a ṣe kó ara wa dé Port Harcourt lọ́dún 1999 nìyẹn. Iṣẹ́ epo ló gbé òun wá, báńkì ló gbé èmi.

Mgbuoba la kọ́kọ́ gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà. Fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó máa ń mi orí láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Tí mo bá rántí ọdún yẹn báyìí, ó máa ń dà bíi pé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la gbé. Òjò á rọ̀ láàárọ̀, oòrùn á yọ, ooru ilẹ̀ á máa ru sókè, ògiri pàápàá á máa làágùn. Ọkọ mi á na ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lásán, á lajú sílẹ̀, á máa wo àjà. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ojú rẹ̀ á ti pọ́n.

"Mọ́mì," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "mi ò tíì lá àlá kankan láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, ṣé àlá lẹ wá lá ní Port Harcourt ni, àbí iṣẹ́ lẹ wá ṣe?"

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, a ra ilé ní Elekahia lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni, kò tóbi, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ẹ̀rọ amúlétutù ti wà nínú yàrá ńlá. Ẹni tó kọ́ ilé náà fẹ́ràn ẹwà: páìpù bàbà tó so apá inú ẹ̀rọ náà mọ́ apá tó wà níta, inú ògiri ló rì í sí, ó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ó kùn ún lọ́dà, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ pé nǹkan kan gba ibẹ̀ kọjá. Mo yìn ín nígbà náà. Ẹ wo òmùgọ̀!

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a lò níbẹ̀, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹun, ọkọ mi tan ẹ̀rọ náà, ó sì dùbúlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì lára. Ó sùn. Ó sùn láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó. Ẹ̀rọ náà ń kùn jẹ́jẹ́, omi rẹ̀ ń kán sórí ewé ewúro lẹ́yìn fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú kọ́tìnì aláró wọlé sì tẹ́ sórí gbogbo nǹkan: orí àga, orí Bíbélì, iwájú orí ọkọ mi tí kò ní òógùn kankan. Mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe mí kò jìnnà sí àdúrà. Nígbà tó jí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun lá àlá pé ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá òun ń gbálẹ̀ iwájú ilé, ewé gbígbẹ ń fò kiri, òun sì kéré débi pé ẹsẹ̀ òun kò kanlẹ̀ lórí àga.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Tó bá ti sun oorun ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó sì jí, màá ní, "Kí lẹ rí lónìí?" Á sì sọ ọ́ fún mi, ohùn oorun á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí odò tó ń ṣàn gba inú kíláàsì wọn kọjá, tí tíṣà ń kọ́ wọn lọ ní tirẹ̀. Ó rí iṣu tó ń rìn padà láti oko. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí mi, mo ń ta aṣọ fún àwọn ẹyẹ.

"Ṣé wọ́n rà á?" mo bi í.

"O lé gbogbo wọn lọ. O ní owó tí wọ́n pè kéré jù."

Kò tíì pé ọdún kan tí òtútù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹ̀rọ á máa kùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jáde kò tutù ju èyí tó ń ti ẹnu ènìyàn jáde lọ. Àlá náà dáwọ́ dúró. Aládùúgbò wa kan wá júwe oníṣẹ́ kan fún wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Rumuigbo, tí fíríìjì àtijọ́ tò sí iwájú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló wá. Ọkùnrin gíga ni, á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn bóyá atẹ́gùn á máa ti ibì kan jáde. Kò rí nǹkan kan. Ó wá gbé ọwọ́ lé ògiri mi tó rẹwà.

"Madam," ó ní, "gas no dey finish like kerosene. If e finish, e get where e pass. This one dey leak inside wall. Make we break am, comot the old pipe, run new one for outside."

Fọ́ ògiri kẹ̀? Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn! Mo bi í pé èló. Iye tó pè fún páìpù tuntun ju ìlọ́po márùn-ún owó gáàsì lásán lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń ṣe ní ìlú yẹn fún yín. Tọ́rọ̀ owó bá ti dé níwájú oníṣẹ́ tàbí ọlọ́jà, a kàn máa ń yí èdè padà ni. Àwọn ọmọ wa gan-an kò gbọ́ ju "wá jẹun" lọ, Píjìn ló dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ta ni yóò wá gbọ́ Yorùbá nínú àwọn ará ìta? Ìkélé wa ni. Lẹ́yìn rẹ̀ la ti ń gbèrò iye tí a máa san, ibẹ̀ náà la ti ń bú ẹni tó dúró síwájú wa, tí a ó sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọkọ mi kò fẹ́ràn ìwà náà. Èmi ni ọ̀gá nídìí rẹ̀.

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo fi ẹ̀rín sẹ́nu. "Dádì, olè paraku ni eléyìí o. Ẹ wojú ẹ̀ bí ológbò tó jẹ ẹja ẹlẹ́ja. Ó fẹ́ wó ilé lé wa lórí kó lè rówó gbà. Gáàsì ni kó fi sí i kó máa lọ. Tó bá ti já a dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ká san án, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pariwo ná."

"Ohun tó sọ yé mi o," ọkọ mi ní. "Tí nǹkan bá ń jò, ṣe là ń dí i."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọkùnrin náà ń fi ákísà nu ọwọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Mo pariwo lóòótọ́. Mo ní ṣé ó rò pé epo ló ń sun jáde nínú kànga wa ni. Ó pe ẹgbẹ̀rún méje, mo pe mẹ́ta, a fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, ó sì gbà á ní márùn-ún ààbọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo jó yí pálọ̀ ká. "Ẹ rí i? Mẹ́fà la ti fọkàn sí!"

Báyìí la ṣe ń bá a yí fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Òtútù á padà dé, ọkọ mi á sùn, á lá àlá, màá jókòó tì í. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òtútù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ jáde kúrò lápèjẹ. Ọkọ mi á máa sọ pé yàrá ti ń móoru, èmi á ní ó ṣì ń fẹ́ díẹ̀, ẹ fara dà á títí dé ìparí oṣù. Ìparí oṣù á di ìparí oṣù kejì. Tí mo bá wá pe ọkùnrin Rumuigbo yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá mi sọ: "Madam, na the wall." Èmi náà á lọ sẹ́yìn ìkélé mi: "Olè yìí tún ti dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ògiri ẹ̀." Màá sọ iye tí a máa san létí ọkọ mi, màá pariwo, ọkùnrin náà á sì gba iye tó kéré sí i. Kò sí ọjọ́ kan tó gba tó iye tí a dá. Mo fi ń yangàn láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní oníṣẹ́ kankan ò lè rí mi gbé ṣe ní Port Harcourt yìí. Àṣé ara mi ni mò ń rí gbé ṣe.

Ìgbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú sánmà, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní súùtù, ni àìsàn mú ọkọ mi. Tí a bá jí láàárọ̀, ilẹ̀ ibi gbogbo ti dúdú. Tí a bá fi ìka nu tábìlì, ìka á dúdú. Tí a bá fọn imú, ikun rẹ̀ á dúdú. Gbogbo nǹkan wá rí bí ìlú tí ènìyàn ń rí lójú oorun, tí kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ọkọ mi kì í lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ kó má dúró mí ní ìdajì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ó ní kó má fa èéfín yẹn símú, kí fèrèsé wà ní títì, kí yàrá sì tutù, nítorí ooru máa ń mú ọkàn tó ti rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà dákẹ́ pátápátá. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wá ẹlòmíràn, ẹni tó ní ìdajì owó lòun máa gbà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ gbé apá tó wà níta lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ní kó máa gbé e lọ. Ó gbé e dé lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e.

Oṣù Kẹta ni, ooru ń hó. Ọkọ mi kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́; orí àga ló ń jókòó sí tọ̀sán-tòru, tó ń mí bí ẹni tó sáré dé, fèrèsé ní títì, aṣọ rẹ̀ tutù rin fún òógùn. Mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí apá mi fi kú. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi ìtìjú pe ọkùnrin Rumuigbo, ó sì dé kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ewú ti wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Ó tú ìdérí ẹ̀rọ tó wà níta, ó wò ó, ó mi orí. "Mummy, who touch this thing?" Ó ní wọ́n ti yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wa, ohun tó ń ti gáàsì kiri nínú ẹ̀rọ, wọ́n fi àlòkù tó ti jóná rọ́pò rẹ̀. Ó wọlé wá síbi tí ọkọ mi jókòó sí, ó lóṣòó síwájú apá tó wà nínú yàrá, ó sì pe iye rẹ̀: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun, páìpù tuntun, ògiri fífọ́. Owó náà pọ̀. Gbogbo nǹkan ti gbówó lórí.

Ọkọ mi bá mi sọ Yorùbá. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an.

"Mọ́mì, fi owó yẹn sílẹ̀. Má ná an lé mi lórí. Ọjọ́ tó kù fún mi kò tó ohun tí à ń ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun fún. Tọ́jú ẹ̀. Ìwọ lo máa nílò ẹ̀ lẹ́yìn mi."

Inú bí mi. Ẹ̀rù gan-an ni, ṣùgbọ́n ìbínú ni ẹ̀rù fi máa ń gba ẹnu mi jáde. "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre! Ta ló bi yín? Ẹ ò ní lọ ibì kankan!" Omijé ti ń dà lójú mi.

Ọkùnrin náà gbé sípánà rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn ló wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ṣì lóṣòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Yorùbá ni, Yorùbá ọmọdé, tó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ọ́. Ó ní ará Ọ̀yọ́ ni bàbá òun, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ìyá òun, ará Ikwerre ni, kò gbọ́ ọ. Bàbá òun nìkan ló ń bá òun sọ ọ́, ó sì kú nígbà tí òun pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Láti ìgbà yẹn," ó ní, "kò sí ẹnìkan."

Mo ní, "O ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Àti... olè?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àti ológbò tó jẹ ẹja."

Yéè! Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá wọ inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí òun bá fèsì, ojú á tì mí níwájú ọkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, òun kàn fẹ́ máa gbọ́ ọ ni. "Bàbá mi náà máa ń pariwo báyẹn, mà. Tí ẹ bá ń bú mi, ó máa ń dà bíi pé ó wà nílé."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan owó. Fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ni mo ti ń dá iye tí a lè san. Ohun tí ì bá ṣe kò ju kó dúró lórí iye náà, kó gbà á, kó máa lọ. Kò gbà á rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wá. Olè wo ló máa gbọ́ ibi tí owó wà, tí kò ní mú un? Ẹnu mi tí mo rò pé ó mú kò já nǹkan kan. Ọkùnrin náà ló ń dín in kù fún mi.

Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó di ikọ́. "Mọ́mì, o ti pàdé ẹni tó mọ ọjà jù ẹ́ lọ."

Mo kúnlẹ̀. Èmi, tí mo dàgbà jù ú lọ, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo ní kó dárí jì mí. Ó dìde fìrì, ó dì mí mú lápá méjèèjì, kò jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fọ́ ògiri."

Ó fọ́ ọ. A gbé ọkọ mi sí pálọ̀, a fi aṣọ di ẹnu ọ̀nà nítorí eruku. Nígbà tó fa páìpù àtijọ́ náà jáde, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi ti ewé tútù látòkè délẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́. Ó fi ihò náà hàn mí. Kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Mo mú un dání, mo wò ó títí. Ó gba ìta fa páìpù tuntun, ó fi aṣọ wé e, ó ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun níṣojú mi, ó so ó mọ́ ọn níṣojú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tan ẹ̀rọ náà. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ sínú yàrá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kan ojú mi, ó kan ọrùn mi. Ọkọ mi dùbúlẹ̀, gbalaja, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sùn kí n tó ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tán.

Oṣù mẹ́rìnlá ló tún lò nínú yàrá yẹn. Ọkùnrin náà máa ń yà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, kò mú irinṣẹ́ dání. Ọkọ mi á máa rọ́ àlá rẹ̀ fún àwa méjèèjì, á sì máa tún èdè ọkùnrin náà ṣe fún un. Òtútù náà kò lọ mọ́. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, ojú rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ balẹ̀, kò sí òógùn kan lára rẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilé ládùúgbò wa máa ń wá bi mí léèrè báyìí, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ amúlétutù. Mo máa ń sọ fún wọn. Mo ní ẹ má jẹ́ kí wọ́n ri páìpù mọ́ ògiri. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ yín lọ síbi tí ojú yín ò tó. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ súùtù kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní gáàsì ti tán, ẹ bi í pé ibo ló gbà lọ. Tó bá sì sọ ọ́ fún yín, ẹ gbọ́. Wọ́n á wá bi mí pé èló ni gbogbo àtúnṣe tèmi ná mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màá sọ iye náà, wọ́n á ké "Haa!", wọ́n á di orí mú. Mi ò kì í fi àwọn ọdún tí ọkọ mi fi jókòó làágùn kún un.